Orí Keje: Kákítọ́ọ̀sì Kérésìmesì Nínú Ilé Òtútù

Bí ẹnìkan bá gbé ìkòkò òdòdó kan fún yín ní oṣù Kejìlá, tí ara ewéko náà jẹ́ oríkèé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó so kọ́ra, tí òdòdó pupa, funfun tàbí elésè-àlùkò sì yọ ní ṣóńṣó orí wọn, kákítọ́ọ̀sì Kérésìmesì ni wọ́n fi ta yín lọ́rẹ. Yóò dùn ún wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, òdòdó a rọ, a re, ewé nìkan ló máa kù, ọ̀pọ̀ ilé a sì tì í sí igun kan títí yóò fi kú. Ìyẹn ò yẹ. Ewéko tó lè gbé ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Àwọn ìdílé wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tí wọ́n jogún tiwọn lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Àwọn tó ń ráhùn pé tiwọn kò tanná mọ́, ajílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Kì í ṣe ajílẹ̀ ló ń wá. Òkùnkùn àti ìtutù ló ń wá, ní àsìkò tó yẹ. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì kejì ni mímọ bí a ṣe ń bomi rin ín láì pa á.

Ìlú òtútù ni mo ní lọ́kàn nínú orí yìí: London, Manchester, Dublin, Chicago, Toronto, ilé tí hítà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Ìbàdàn yóò rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níwájú.

Ohun kan péré nípa ibi tí ewéko yìí ti wá, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìtọ́ni tó kù ti ń jáde. Igbó òkè Serra dos Órgãos, lápá àríwá ìlú Rio de Janeiro ní Brazil, ni ilé rẹ̀. Kì í ṣe aṣálẹ̀. Orí igi ló ń gbé, tàbí pàlàpálá àpáta, níbi tí ewé jíjẹrà bá kó jọ sí. Kì í ṣe àfòmọ́, kì í fa oje igi tó gùn. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Òjò ń rọ̀ sí i lára déédéé, ṣùgbọ́n omi kì í dúró nídìí gbòǹgbò rẹ̀, ṣe ló ń ṣàn kọjá. Ewé igi ńlá ń ṣíji bò ó lọ́sàn-án, òkè náà sì ń tutù lóru. Nítorí náà, ẹ gbàgbé iyanrìn àti oòrùn gbígbóná tí ọ̀rọ̀ kákítọ́ọ̀sì máa ń gbé wá sí ọkàn.

Àwọn ohun tí ẹ ó nílò

- Ìkòkò tó ní ihò nísàlẹ̀, ìbá jẹ́ ike tàbí amọ̀. Tí ẹ bá ń pààrọ̀ ìkòkò, kí tuntun fi sẹ̀ǹtímítà méjì péré fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ.
- Àwo pẹrẹsẹ tí yóò gba omi tó bá ń ro.
- Iyẹ̀pẹ̀ inú àpò tí wọ́n ń tà fún ewéko inú ilé, ìwọ̀n méjì. Perlite, ìyẹn òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́, ìwọ̀n kan. Èèpo igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà fún òdòdó orchid, ìwọ̀n kan.
- Agolo ìbomirin tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́.
- Ajílẹ̀ olómi fún ewéko inú ilé, àti iyọ̀ Epsom.
- Tẹmómítà kékeré tí ẹ lè gbé kọ́ ara ògiri.
- Páálí tó ga ju ewéko náà lọ, tí kò ní ihò tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé.
- Ìbọ̀wọ́, òwú, àti sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ kò nílò ọ̀bẹ. Ọwọ́ ló ń ṣe gbogbo gígé tó wà nínú orí yìí.

Kí ẹ tó ya àpò iyẹ̀pẹ̀

Iyẹ̀pẹ̀ inú àpò kì í ṣe ohun à-ń-fi-ṣeré. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Legionella longbeachae lè wà nínú rẹ̀, bí èèyàn bá sì fa eruku rẹ̀ símú, ó lè fa irú òtútù àyà tó le gan-an, pàápàá fún arúgbó, ẹni tó ń mu sìgá àti ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ẹ ṣí àpò náà ní gbangba tàbí lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, ẹ yí ojú kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ ti ń ya á, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Eruku perlite náà ń ta èèyàn ní ọ̀fun. Ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó pò ó pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀.

Ní ti ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn, ẹ fọkàn balẹ̀: kákítọ́ọ̀sì yìí kò ní májèlé tó ń pa ológbò tàbí ajá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá tó bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù lè bì. Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni poinsettia, òdòdó eléwé pupa tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àkókò Kérésìmesì. Bí ẹ bá ṣẹ́ ewé rẹ̀, oje funfun ló ń jáde, oje náà sì lè mú ara yún, kí ó sì mú ojú ta. Ẹ má gbé àwọn méjèèjì síbi tí ọwọ́ ọmọ tó ń rá yóò tó.

Èwo gan-an lẹ ní?

Ẹ fi àtàǹpàkò tọ etí oríkèé kan. Bí etí náà bá ní eyín ṣóńṣó méjì sí mẹ́rin lápá kọ̀ọ̀kan, Schlumbergera truncata ni. Òun ló pọ̀ jù ní ilé ìtajà, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìkòkò rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ló máa ń fẹ́ tanná, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń fi í mọ ọdún Ìdúpẹ́ wọn. Òdòdó rẹ̀ nà síwájú, àtíkè inú rẹ̀ sì jẹ́ yẹ́lò.

Bí etí oríkèé bá rí kọ́lọkọ̀lọ láìní ṣóńṣó, tí òdòdó sì dorí kodò pẹ̀lú àtíkè tó pọ́n díẹ̀, Schlumbergera × buckleyi ni, ògbólógbòó kákítọ́ọ̀sì Kérésìmesì. London ni wọ́n ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún: William Buckley, ní ọgbà òdòdó Rollisson ní Tooting, ló fi irúgbìn Brazil méjì gba ara wọn. Ará Tooting tó bá ń gbìn ín lónìí, ọmọ àdúgbò ló ń gbìn. Èyí máa ń pẹ́ kí ó tó tanná, ó lè di oṣù Kìn-ín-ní.

Bí ó bá jẹ́ pé irun kékeré ló wà lórí oríkèé, tí òdòdó rẹ̀ sì rí bí ìràwọ̀, tí ó ń yọ ní àkókò Àjíǹde, ìbátan wọn ni, ìlànà orí yìí kò sì bá a mu tán.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ilé

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ tú bébà dídán tí wọ́n fi wé ìkòkò náà kúrò. Ó lẹ́wà, mo gbà, ṣùgbọ́n kò ní ihò. Omi tó bá ro láti inú ìkòkò a dúró sínú rẹ̀, gbòǹgbò a rì, ẹ ò sì ní rí i. Bí ẹ bá tú bébà náà tí ẹ rí omi dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ gbé ìkòkò lé orí bébà ìnuwọ́ fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ má sì bomi rin ín lọ́sẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tí yóò máa gbé. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló dára jù: oòrùn àárọ̀ kò le. Fèrèsé àríwá tó mọ́lẹ̀ dáadáa náà ṣeé lò. Fèrèsé gúúsù dára ní ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún, ẹ fa kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ oríkèé yóò pọ́n bí ẹni tí iná rà. Kí ibẹ̀ má ṣe jẹ́ orí hítà, kí ó má sì jẹ́ etí ilẹ̀kùn ìta. Ilé tí àlejò ń wọ̀ tó ń jáde ní gbogbo ọjọ́ ọdún, atẹ́gùn tútù tó ń bá wọn wọlé á já gbogbo òdòdó rẹ̀ sílẹ̀ kí ìrẹsì tó tán nínú ìkòkò.

Tí ó bá ti wà lójú òdòdó tàbí tó ti rudi, ẹ má máa gbé e kiri, ẹ má sì máa yí i padà.

Omi

Omi ló ń pa á jù, àbomijù ni mo sì ń sọ. Ẹni tó fẹ́ràn ewéko rẹ̀ ló ń pa á, nítorí pé gbogbo ìgbà tó bá ti kọjá níwájú rẹ̀ ló ń ta omi díẹ̀ sí i. Ẹ má ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún omi. Ìkòkò kan náà lè gbẹ láàárín ọjọ́ márùn-ún nígbà tí hítà ń jó, kí ó sì tó ọjọ́ méjìlá ní ìgbà míràn. Ẹ ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé ìka àkọ́kọ́. Bí ibẹ̀ bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ gbé ìkòkò lọ sí síńkì, ẹ da omi tí kò tutù nini sí i yí ká títí yóò fi máa jáde nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó ro fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó dá a padà sórí àwo rẹ̀. Omi tó bá ṣẹ́ kù sínú àwo, ẹ dà á nù.

Ọ̀nà kan wà tó dára ju ti ìka lọ, bó bá ti mọ́ yín lára. Bí ẹ bá ti bomi rin ín tán, ẹ gbé ìkòkò náà sókè, kí ọwọ́ yín mọ bó ṣe wúwo. Ẹ tún gbé e lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Láìpẹ́ ọwọ́ yín ni yóò máa sọ fún yín. Ìkòkò ike tó gbẹ a fúyẹ́ débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ sókè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: oríkèé rọ, ó hunjọ, ó sì rọ̀ sílẹ̀. Ẹ ó rò pé òùngbẹ ni, ẹ ó sì da omi sí i. Ẹ dúró ná. Òùngbẹ máa ń mú kí ewéko rọ, gbòǹgbò tó jẹrà náà sì ń mú kí ó rọ, nítorí pé gbòǹgbò tó ti rà kò lè fa omi mọ́. Iyẹ̀pẹ̀ ló máa yanjú ọ̀rọ̀ náà. Iyẹ̀pẹ̀ gbẹ, ewé rọ: ẹ bomi rin ín, yóò le padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Iyẹ̀pẹ̀ tutù, ewé rọ: gbòǹgbò ló ń rà, omi tí ẹ bá sì dà sí i ni yóò sin ín. Nígbà náà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, ẹ fi ọwọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Gbòǹgbò tó wà láàyè le, ó sì mọ́. Èyí tó ti rà dúdú, ó ń yọ̀, awọ rẹ̀ sì ń bọ́ bí ẹ bá fà á. Ẹ já gbogbo dúdú kúrò, ẹ gbìn ín sí iyẹ̀pẹ̀ tuntun nínú ìkòkò tí kò tóbi. Tí kò bá sí gbòǹgbò rere kankan mọ́, ẹ má bá a jà. Ẹ já oríkèé tó ṣì le lókè, kí ẹ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn bí n ó ti ṣàlàyé níwájú, kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ nù.

Omi ẹ̀rọ London ní ẹfun púpọ̀. Ẹ ti rí i nínú kẹ́tù, funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Kò ní pa ewéko yìí lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tó ní ekikan díẹ̀ ló fẹ́, ẹfun sì ń ba ìyẹn jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbé báàkẹ́tì sí òjò.

Lẹ́yìn tí òdòdó bá re tán

Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Fún oṣù kan sí méjì, ẹ dín omi kù, ẹ má fún un ní ajílẹ̀. Ó lè jọ pé ó ti sú lọ. Kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, ẹ wo ìdí ìkòkò. Ewéko yìí fẹ́ràn kí ìkòkò fún un díẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan tó. Ìkòkò ńlá kì í ṣe àánú, nítorí iyẹ̀pẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé ni omi ń dúró sí.

Àsìkò yìí náà lẹ lè gé e kí ó lè pẹ̀ka, ṣùgbọ́n kí oṣù Kẹfà má kọjá kí ẹ tó ṣe é. Ẹ mú oríkèé kan tàbí méjì lápá òkè, ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ kejì lọ́ ọ. Yóò já ní ojú ibi tó ti so pọ̀. Níbi tí ẹ ti já ọ̀kan, méjì ló sábà máa ń hù, orí oríkèé tuntun sì ni òdòdó ń yọ.

Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹjọ, ẹ fún un ní ajílẹ̀ olómi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù náà, ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, ẹ po ṣíbí kékeré kan iyọ̀ Epsom mọ́ omi lítà mẹ́rin, kí ẹ fi bomi rin ín. Ẹ má pa ajílẹ̀ àti iyọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Bí òru bá ti móoru ju 10°C lọ, ẹ lè gbé e síta sábẹ́ igi tàbí ibòji ògiri. Yóò dúpẹ́. Kí òru tó tún tutù tó bẹ́ẹ̀ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wo abẹ́ ìkòkò dáadáa fún ìgbín wẹ́wẹ́ àti kòkòrò, kí ẹ tó gbé e wọlé.

Òkùnkùn

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ewéko yìí kò mọ Kérésìmesì. Bí òru ṣe gùn tó ló ń kà. Ní Brazil, oṣù Karùn-ún ló ń tanná, nítorí ìgbà yẹn ni òru ń gùn tí òtútù sì ń wọlé ní apá gúúsù ayé. Ní London, láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ni òru ti ń gùn ju ọ̀sán lọ, òkùnkùn ìta sì tó o láìsí wàhálà. Ohun tó ń ba á jẹ́ ni bọ́ọ̀bù pálọ̀ wa, tí a kì í pa títí di agogo méjìlá òru. Ewéko tó wà nínú pálọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n àti iná ń tàn nínú rẹ̀ ò mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ.

1. Ní àárín oṣù Kẹsàn-án, ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti dúró. Ẹ dín omi kù: kí ìdajì iyẹ̀pẹ̀ láti òkè gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Ẹ má jẹ́ kí oríkèé hunjọ.

2. Ẹ wá yàrá tó tutù, kí ẹ sì fi tẹmómítà wò ó lóru, kì í ṣe lọ́sàn-án nìkan. Ìwọ̀n 13 sí 15°C ló dára jù. Yàrá àlejò tí ẹ ti pa hítà rẹ̀, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lè bá a mu. Bí òru inú yàrá bá wà láàárín 15 sí 20°C, yóò ṣì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ ṣe òkùnkùn rẹ̀ ní àṣìṣe. Bí òru bá gbóná ju 23°C lọ, ìrudi kì í fẹ́ yọ, òkùnkùn yòówù kí ẹ fún un. Kí ó má sì lọ sílẹ̀ ju 10°C lọ.

3. Lálaalẹ́, ẹ fún un ní wákàtí 13 sí 14 òkùnkùn biribiri. Yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ lálẹ́, tí iná òpópónà kì í yọjú sí, tó. Bí kò bá sí irú rẹ̀ nílé yín, ẹ da páálí bò ó ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí i ní agogo méje ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣí i wò. Ẹ̀ẹ̀kan kò lè ba iṣẹ́ náà jẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di gbogbo ìgbà, ó tán nìyẹn. Ẹ má fi ọ̀rá wé e. Ooru àti omi inú rẹ̀ á mú un jẹrà.

4. Lọ́sàn-án, ẹ fún un ní ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn kan gbọ́ "òkùnkùn", wọ́n wá ti ewéko mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe òdòdó, ewéko aláìlókun ni.

5. Ẹ máa bá a lọ báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ máa wo ṣóńṣó orí oríkèé. Ẹ ó rí ohun pupa tín-ń-tín kan. Bí ó bá yọ gbọọrọ, tó yípo, òdòdó ni. Bí ó bá tẹ́ pẹlẹbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, oríkèé tuntun ni, a jẹ́ pé ooru tàbí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

6. Bí ìrudi bá ti tó hóró ìrẹsì, iṣẹ́ òkùnkùn parí. Ẹ gbé páálí kúrò, ẹ dá omi padà sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbé ìkòkò sí ibi tí ẹ fẹ́ kí àlejò ti rí i, kí ẹ sì fi í síbẹ̀.

Láti ọjọ́ tí òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ dé ọjọ́ tí òdòdó ṣí, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá. Ẹni tó fẹ́ òdòdó ní ọjọ́ Kérésìmesì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá tó parí. Èyí tó ní eyín ṣóńṣó máa ń yá ju ìkejì lọ.

Nígbà tí ìrudi bá ń já bọ́

Díẹ̀ tó bá já, ẹ má kà á sí. Bí wọ́n bá ń já wìtìwìtì, nǹkan kan yí padà lójijì: ẹ gbé e láti yàrá tútù lọ sí ẹ̀gbẹ́ hítà, tàbí iyẹ̀pẹ̀ gbẹ táútáú, tàbí omi pọ̀ jù, tàbí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ápù tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì ethylene jáde, gáàsì náà a sì mú kí ìrudi já. Ẹ má gbé òdòdó àti àwo èso sórí tábìlì kan náà.

Bí òdòdó funfun tàbí yẹ́lò bá sì ṣí tán tó wá ń pọ́n, ẹ má rò pé wọ́n rẹ́ yín jẹ níbi tí ẹ ti rà á. Ìtutù nígbà tó ń rudi ló fà á.

Kòkòrò

Ẹ wo ojú ibi tí oríkèé ti so pọ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú níbẹ̀, kòkòrò tó ń fa oje ewéko ni. Ẹ gbé ìkòkò náà jìnnà sí àwọn yòókù, ẹ ti òwú bọ sípíríìtì, ẹ fi nu wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ẹyin wọn ń pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán sípíríìtì wò lára oríkèé kan ṣoṣo. Sípíríìtì ń gba iná kíákíá: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má ṣe é nínú kíṣìnì tí iná ń jó, ẹ má sì ṣe é lẹ́bàá àbẹ́là. Oògùn kòkòrò olóró tí wọ́n ń fọ́n, n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ nínú ilé kékeré tí ọmọ ń sùn sí.

Kantíkantí tó ń fò lójú iyẹ̀pẹ̀ kò lè pa ewéko tó ti dàgbà. Ó kàn ń sọ fún yín pé omi pọ̀ jù ni. Ẹ jẹ́ kí ojú iyẹ̀pẹ̀ gbẹ.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀

Kò sí ewéko tó rọrùn báyìí. Ní oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, ẹ lọ́ ẹ̀ka tó ní oríkèé méjì sí mẹ́ta já. Ẹ fi sílẹ̀ lórí bébà níbi tí oòrùn kò dé fún ọjọ́ kan sí méjì kí ojú rẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá gbìn ín ní tútù ń pe ìjẹrà. Ẹ wá fi ìdí rẹ̀ bọ iyẹ̀pẹ̀ tó rin díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìkòkò kékeré kan ló ń tètè kún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ rọra fà á: bí kò bá fẹ́ tẹ̀ lé ọwọ́ yín, ó ti ta gbòǹgbò.

Ní Èkó àti Ìbàdàn

Ewéko yìí yóò hù nílé, yóò sì tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ ibòji. Òdòdó ni ìṣòro. Òru wa kì í gùn ju bíi wákàtí 12 lọ ní gbogbo ọdún, ó sì ń gbóná. Ẹni tó ní yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lóru lè dán páálí wò ní oṣù Kọkànlá sí Kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù nílò iná, gbogbo wa la sì mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Ẹni tó fẹ́ òdòdó tí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu ní Èkó, kí ó gbin òmíràn.

Ẹ má sì rò pé ẹ ó kàn di ìkòkò sínú báàgì gba pápákọ̀ òfurufú kọjá. Ewéko tòun ti iyẹ̀pẹ̀ nílò ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko láti orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀, bí kò bá sì sí, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín kí wọ́n sì run ún. Wọn ò jẹ̀bi: àrùn inú iyẹ̀pẹ̀ kan lè ba oko ẹlòmíràn jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ oṣù Kejìlá lẹ ń ka èyí, tí tiyín kò sì rudi, kò sí ohun tí ẹ tún lè ṣe sí i lọ́dún yìí. Ẹ bomi rin ín níwọ̀nba, ẹ jẹ́ kí ó rí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹsàn-án sínú fóònù yín kí ó lè dún létí yín.